Ṣé ẹ̀rù ba Jésù? Màmá mi ló bi mí, mi ò rí èsì fún wọn

ỌmọÌsánlú | Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé (bí àwa ará Òkun ṣe ń kí ara wa nìyẹn). Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi láti àná, mo ní kí n gbé e síwájú àwọn tó jù mí lọ. Màmá mi pé ọdún 68 lọ́dún yìí, Ìsánlú ni wọ́n wà. Dókítà ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, inú ni. Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọn yóò ṣe é ní Lọ́kọ́ja níbi tí mo ń gbé. Ẹ̀rù ń ba màmá, wọn ò sì fi pa mọ́. Wọ́n ní ikú kọ́ ni àwọn ń bẹ̀rù, pé abẹ ni, kí wọ́n máa la ènìyàn bí ẹni ń la ẹja àrọ̀.

Ni oníwàásù kan bá wá gbàdúrà fún wọn nílé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ìjọ rẹ̀, ẹ má bi mí. Ó gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ló bá ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò tíì mọ Jésù, pé Jésù lọ sórí àgbélébùú bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó ni, ọkàn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó gbàdúrà, ó jẹ iyán, ó lọ. Àbúrò mi ní màmá ò fọwọ́ kan iyán tiwọn.

Lálẹ́ ni wọ́n pè mí. "Ìwọ tó kàwé, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀rù ò ba Jésù? Torí tí kò bá bà á, a jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà níbi tí mo wà yìí."

Mo ní màá pè wọ́n padà. Mi ò tíì pè.

Jagunjagun_Olúwa | 8:31 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Olúwa yóò fọwọ́ tọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àánú màmá mú wa yí Ìwé Mímọ́ padà o. Ọlọ́run kò fún wa ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù, 2 Tímótì 1:7. Kìnnìún ẹ̀yà Júdà ni Jésù, ta ló rí kìnnìún tí àyà rẹ̀ ń já? Ẹni tó ní bí òun bá ké sí Baba òun, áńgẹ́lì tó ju líjíónì 12 lọ yóò dé, kí ló fẹ́ bẹ̀rù lára ọmọ ogun Róòmù? Ẹ̀ṣẹ̀ ayé ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú ọgbà Gẹtisémánè yẹn. Ẹrù ni. Kì í ṣe ẹ̀rù.

ỌmọIléẹ̀kọ́Ìgbàjà | 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Jagunjagun, ẹrù àti ẹ̀rù yẹn dùn létí, màá jí i lò ní pẹpẹ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n Máàkù ò jẹ́ kí a ríbi sá sí. Ẹ ṣí orí 14, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 33. Ó mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù dání, jìnnìjìnnì bò ó, ọkàn rẹ̀ pòrúurùu. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì àkọ́kọ́ tí Máàkù lò níbẹ̀, òun náà ló lò ní orí 16 fún àwọn obìnrin tó wọnú ibojì tí wọ́n bá ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun níbẹ̀. Ẹ bi àwọn obìnrin yẹn bóyá ẹ̀rù bà wọ́n tàbí kò bà wọ́n.

Ó sọ fún àwọn mẹ́ta náà pé ìbànújẹ́ ọkàn òun tó èyí tí í pa ènìyàn. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó wó lulẹ̀. Ó ní "Ábà", ohun tí ọmọ ń pe bàbá rẹ̀ nílé ní èdè Árámáíkì, ó ní kí ife náà ré òun kọjá. Ó padà wá, ó bá wọn lójú oorun, ó tún lọ bẹ̀bẹ̀ ohun kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe kà á. Ṣé bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ẹni yẹn kan náà ni oorun gbé nínú ọkọ̀ ojú omi tó forí lé ìrọ̀rí nígbà tí ìjì ń jà. Òun ló rẹ̀ tó jókòó sídìí kànga Jákọ́bù ní ọ̀sán gangan, tó ní kí obìnrin kan fún òun lómi mu. Ó sunkún nídìí ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa tó jí i. Ara wa yìí náà ló wọ̀, kò yá a lò.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé bí ẹni ní ara ló rí, pé kò ní in, pé ìyà náà ò dé ibi kankan lára rẹ̀. Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ sí Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì láti fún ẹranko jẹ, kọ lẹ́tà lójú ọ̀nà láti dá wọn lóhùn: bí ìyà Jésù bá jẹ́ àfarawé, kí ni èmi ń fi ẹ̀wọ̀n ṣe lọ́rùn? Ní 451, ìpàdé àwọn olórí ìjọ ní Kálísédónì sọ ọ́ kedere pé Ọlọ́run tòótọ́ ni, ènìyàn tòótọ́ ni. Àwọn kan tún yọjú, wọ́n ní ó dára, ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú kan ṣoṣo ló ní, ti Ọlọ́run. Ajẹ́rìí kan tó ń jẹ́ Maximus kò gbà. Ó ní bí kò bá ní ìfẹ́ inú ti ènìyàn, ta ló wá ń sọ nínú ọgbà pé "kì í ṣe ìfẹ́ tèmi"? Wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n lé e kúrò nílùú, inú ìgbèkùn ló kú sí ní 662. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 680 sí 681, ìpàdé Kọnsitantinópù ní òun ló jàre.

Ẹ wò ó, ahọ́n ènìyàn ni wọ́n gé torí kí màmá ỌmọÌsánlú má bàa dá wà nínú ẹ̀rù yẹn.

Nọ́ọ̀sìKàbà | 9:40 alẹ́

Àwa ò mọ 451, àwa mọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń bá wọn ti bẹ́ẹ̀dì wọlé. Mo ti rí ọ̀gá sójà tó ń gbọ̀n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti rí ìyá arúgbó tó ń lá ètè lọ́nà gbogbo, tó sì fúnra rẹ̀ gun tábìlì nígbà tí a dé ibẹ̀, tó ní ká má gbé òun. Gbígbọ̀n ara kì í ṣe èsì. Ibi tí ẹsẹ̀ bá dojú kọ lèmi máa ń wò.

Ẹ̀gbọ́n Jagunjagun, ẹ̀yin náà ti ru àpò sìmẹ́ǹtì rí. Ẹrù tó bá wúwo jù, kí ni ó ń dá sí yín lára kí ẹ tó gbé e? Ẹ̀rù náà ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

ỌmọÌsánlú, pe màmá rẹ lálẹ́ yìí. Má dúró de àwa.

Ìbéèrè tèmi fún ará Ìgbàjà: òógùn ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́? Àwọn aláìsàn máa ń bi mí.

ỌmọIléẹ̀kọ́Ìgbàjà | 9:52 alẹ́

Lúùkù nìkan ló sọ ọ́, 22:43-44, òun àti áńgẹ́lì tó wá fún un lókun. Lúùkù sì fi "bí" sí i: òógùn rẹ̀ *dàbí* ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù: ẹsẹ méjèèjì yẹn ò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lúùkù tó pẹ́ jù mélòó kan. Awuyewuye wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé ọ̀rọ̀ mi kà á. Máàkù tó mi.

KajúGbígbẹ_Ojúlówó | 10:03 alẹ́

Kajú tuntun ti jáde o, láti oko wa ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀. A ń tà á ní báàgì, a ń tà á ní kóńgò. Ẹ tẹ̀ mí láago.

Olùtọ́jú_Ojúlé | 10:06 alẹ́

Kajú, ojúlé ọjà ló wà lókè yẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi èyí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i.

BàbáÌyàrà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ọmọ mi, ỌmọÌsánlú, òkun. Màmá kú ìrọ́jú.

Mo ti lé ní 70, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Láyé àwọn tó bí àwọn bàbá wa, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń ti Bídà wá kó wa lẹ́rú, orí òkè ni wọ́n ń sá gùn. Gbogbo àpáta tí ẹ ń yà fótò sí yẹn, láti Ìjùmú títí dé Yàgbà, ẹ̀mí ni wọ́n fi gbà là. Ẹṣin ò lè gùn ún. Títí Kọ́ńpínì Oyìnbó fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897, òkè ni ibi ìsádi wa. Kò sẹ́ni tó pe àwọn ará wa ní ojo nítorí rẹ̀. Bí wọn ò bá gùn ún, ta ni ì bá máa tẹ fóònù níbí?

Ẹ fi ìyẹn sápá kan, ká lọ Jerúsálẹ́mù. Mo ti bá wọn lọ rí (bẹ́ẹ̀ ni, JP ni mí, ẹni tó ti lọ Jerúsálẹ́mù, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín). Láti kékeré ni mo ti ń rò pé Gẹtisémánè jìnnà réré sí ìlú, pé inú igbó kan ni. Irọ́ ni. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀bá odi ìlú, ẹ ó la àfonífojì Kídírónì kọjá, ọgbà nìyẹn ní ẹsẹ̀ Òkè Ólífì. Ẹni bá wà nínú rẹ̀ lálẹ́, tí àwọn kan bá gbé fìtílà àti ògùṣọ̀ jáde láti ìlú bí Jòhánù ṣe wí, yóò rí iná wọn tipẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Òkè ni. Bí ó bá gùn ún, tó sọ̀ níhà kejì, Bẹ́tánì ló bọ́ sí, ilé Màtá àti Lásárù, kò pé máìlì méjì sí Jerúsálẹ́mù. Bí ó bá ré Bẹ́tánì kọjá, aginjù Jùdíà ni, ihò àpáta lórí ihò àpáta. Ta ni yóò rí i kí ilẹ̀ tó mọ́? Dáfídì gan-an, ibẹ̀ ló gbà. Nígbà tí Ábúsálómù ọmọ rẹ̀ gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó la Kídírónì kọjá, ó gun Òkè Ólífì láìwọ bàtà, ó ń sunkún lọ, ó sì yè. Ó wà nínú 2 Sámúẹ́lì orí 15.

Ọmọ Dáfídì dé ẹsẹ̀ òkè kan náà, iná ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dúró. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti wúwo. Àwọn tá a jọ lọ ń ya fótò igi ólífì, èmi ń wo òkè.

Ẹ̀rù bà á. Mo gbà. Èmi ọmọ àwọn tó sá gun òkè, mo mọ ohun tí ẹ̀rù ń sọ fún ènìyàn tó bá rí òkè lẹ́yìn rẹ̀.

ÌyáElépoMọ̀pà | 7:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ mà pa mí lẹ́kún láàárọ̀ yìí.

Mo gbọ́ nílé ìjọsìn pé Gẹtisémánè túmọ̀ sí ibi ìfún òróró. Epo ni mo ń fún láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, torí náà gbogbo oníwàásù tó bá rí mi ni yóò sọ fún mi pé bí a kò bá fún ẹyìn, epo ò ní jáde, pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ń fún wa. Mi ò fẹ́ràn òwe yẹn, kí n má purọ́. Ẹyìn ò ní ẹsẹ̀. Mo gé e, mo sè é, mo gún un, kò sẹ́ni tó bi í. Òkè tí Bàbá sọ yìí ló jẹ́ kí n rí ohun tó ń bí mi nínú nínú òwe náà. Òun ní ẹsẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun ló fi í lélẹ̀ fúnra òun, Jòhánù orí 10.

Oníyèméjì | 12:44 ọ̀sán

Ẹ bínú o, màá sọ tèmi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹni tó mọ̀ pé òun máa jí ní ọjọ́ kẹta, ìgboyà wo ló kù níbẹ̀? Ó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà kó tó dé Jerúsálẹ́mù. Bí wọ́n bá sọ fún màmá ỌmọÌsánlú pé ní Ọjọ́ Àìkú wọn yóò dìde, wọn yóò máa jẹ iyán, ṣé ẹ̀rù Ọjọ́bọ̀ máa bà wọ́n? Èmi rò pé àwọn ọmọ ogun Òkun tí wọn ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ikú, tí wọ́n sì jà, akínkanjú ju ìyẹn lọ.

Nọ́ọ̀sìKàbà | 1:15 ọ̀sán

Oníyèméjì, o ò tíì rọbí rí, o ò sì ní rọbí láé, torí náà mo dárí jì ọ́.

Aboyún mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀. A ti yàwòrán rẹ̀, a ti gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ìyá ọkọ ti ra aṣọ. Wá sí ilé ìgbẹ̀bí lágogo mẹ́ta òru kí o wá sọ fún un pé kí ló ń pariwo fún, ṣebí ó mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀. Jẹ́ kí n wà níbẹ̀ kí n wo ohun tí yóò sọ lù ọ́.

Jésù fúnra rẹ̀ ló mú àpẹẹrẹ yẹn wá, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni, kí wọ́n tó lọ sí ọgbà. Jòhánù 16:21. Mímọ òpin ò mú ìrora ààrin kúrò.

ỌmọIléẹ̀kọ́Ìgbàjà | 1:50 ọ̀sán

Kí n fi kún un: kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí gbogbo rẹ̀ dájú lójú rẹ̀ lórí igi. "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èé ṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" Ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 22 ni. Mo mọ̀ pé Sáàmù náà parí sí ìyìn, àwọn olùkọ́ wa máa ń fi ìyẹn tù wá nínú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ké.

Ti ìpinnu rẹ̀ ńkọ́, ẹ má jẹ́ ká rò pé nínú ọgbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lúùkù 9:51 ní nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́, ó gbé ojú rẹ̀ le sí ọ̀nà Jerúsálẹ́mù. Orí kẹsàn-án nìyẹn, ìwé náà ní orí 24. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjú síbẹ̀. Máàkù ní òun ló ṣíwájú lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gòkè lọ, ẹnu ya àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Pétérù gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà, ó pè é ní Sátánì. Ènìyàn kì í jágbe báyẹn mọ́ ìmọ̀ràn tí kò wù ú.

Oníyèméjì | 2:10 ọ̀sán

Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn, mo gbà. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa rò ó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ti nà mí, ẹ ṣeun.

AlhájìỌmọỌ̀wẹ́ | 2:36 ọ̀sán

Salaamu alaekun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ti wa, Ànábì Isa, wọn ò kàn án mọ́gi, Ọlọ́run gbé e sókè ni, Suratu Nisai ẹsẹ 157 àti 158. Nítorí náà mi ò ní bọ́ sí ibi àgbélébùú. Àmọ́ ìyá ìyàwó mi, ọmọ ìjọ ni, a sì jọ ń gbé, ọ̀rọ̀ àìsàn kò ya ilé.

Ẹ bá mi sọ fún màmá pé nínú Kùránì, ẹ̀rù ba Ànábì Musa. Nígbà tí àwọn onídán Fáráò ju okùn wọn sílẹ̀, ó ní ìfòyà nínú ọkàn rẹ̀, Suratu Taha ẹsẹ 67. Ọlọ́run ò bá a wí. Ó ní má bẹ̀rù, ìwọ lo máa lékè. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, wọn kì í sọ fún un pé má bẹ̀rù. A ó fi wọ́n sádùúà ní Ọjọ́bọ̀.

ỌmọÌsánlú | 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Alhájì, mo dúpẹ́. Bàbá, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo ti pe màmá. Mo sọ ti òkè fún wọn, wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn ti yọjú. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ìjọ sọ fún wọn pé lórí àgbélébùú, Jésù kọ oògùn ìrora, pé òjíá ni wọ́n pò mọ́ wáìnì fún un tí kò sì mu ún. Nítorí náà wọ́n ń bi mí bóyá kí àwọn náà sọ fún dókítà pé kí wọ́n dín abẹ́rẹ́ oorun kù, kí àwọn lè fojú rí i bí Jésù ṣe rí i.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Nọ́ọ̀sìKàbà | 6:33 ìrọ̀lẹ́

RÁRÁ O. Gbé fóònù fún mi kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀.

ỌmọIléẹ̀kọ́Ìgbàjà | 7:15 alẹ́

Òtítọ́ ni pé ó kọ̀ ọ́, Máàkù 15:23. Ṣùgbọ́n ìgbà méjì ni wọ́n gbé nǹkan mímu fún un lọ́jọ́ yẹn, àwọn ènìyàn máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kàn án, wáìnì olójíá. Kò gbà á. Ti ìkejì, nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, wọ́n ki kànìnkànìn bọ ọtí kíkan, wọ́n nà án sí i lẹ́nu. Jòhánù ní ó gbà á. Títí di wákàtí yẹn, ohun tí ara ènìyàn ń fẹ́ ni ara rẹ̀ ń fẹ́, ó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu níwájú àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín: òùngbẹ ń gbẹ mí.

Èrò tèmi ni pé ó fẹ́ kí ojú òun mọ́ fún iṣẹ́ tó wá ṣe. Màmá ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí tábìlì yẹn ju kí wọ́n sùn lọ. Dókítà ló ní iṣẹ́. Òun ni kí ojú rẹ̀ mọ́. Àti pé Òwe 31:6 ní ká fi ọtí líle fún ẹni tó ń ṣègbé lọ. Àánú ni irú ọtí bẹ́ẹ̀ jẹ́ nínú ìwé àwọn Júù fúnra wọn. Kò bú ẹni tó gbé e wá.

ỌmọBúnú_Ahunṣọ | 7:48 alẹ́

Mi ò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ibi tí ó máa ń dùn mí jù ni aṣọ. Àwọn ọmọ ogun wọ aṣọ òdòdó fún un láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Búnú, aṣọ pupa tí àwọn ìyá wa ń hun, aṣọ òkú àwọn ènìyàn ńlá ni. Wọn kì í hun ún ṣeré. Ìyá ìyá mi, bí wọ́n bá ka ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọn yóò mi orí, wọn yóò ní àwọn aláìmọ̀kan yẹn ti múra òkú ọlọ́lá fún un láìmọ̀.

Jagunjagun_Olúwa | 9:20 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì gbà pé "ìbẹ̀rù" ni ká máa pè é, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn, ìrora ọkàn, làásìgbò, ohun tí kò ní mú ọmọdé rò pé Olúwa wa jẹ́ ojo. Bàbáa wa Ìyàrà, ti òkè yẹn mú mi ṣe wọ̀ọ̀. Mo ti wàásù Gẹtisémánè tó ogún ọdún, mi ò wẹ̀yìn rẹ̀ wo rí.

ỌmọÌsánlú, oníwàásù yẹn ò ṣe dáadáa. Bó bá tilẹ̀ jàre nínú ẹ̀kọ́, ẹnu aláìsàn kọ́ ni a ti ń ṣe àríyànjiyàn. Kó tó jẹ iyán wọn, kó tilẹ̀ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bá mi kí màmá.

BàbáÌyàrà | 9:41 alẹ́

Jagunjagun, ọmọ dáadáa ni ọ́. Pè é ní làásìgbò. Hébérù orí 5 ẹsẹ 7 ní ó gbàdúrà pẹ̀lú igbe rara àti omijé. Orúkọ tó bá wù ọ́ ni kí o sọ igbe náà.

ỌmọÌsánlú | Ọjọ́rú, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Màmá ti dé Lọ́kọ́ja. Ọ̀nà fi wọ́n ṣe lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ láti Kàbà, ẹ̀yìn wọn ń ro wọ́n, ẹnu wọn sì dá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ohun tí ẹ bá wọn sọ lórí fóònù, wọn ò sọ fún mi, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Mo ka Máàkù 14 fún wọn nídìí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ibi tó ti wó lulẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ ni yóò wọ̀ wọ́n lára. Wọn ò sọ nǹkan kan síbẹ̀. Ibi tó ti padà wá bá wọn lójú oorun ni wọ́n ti dá mi dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Kò sí ọ̀kan tó kí i ní òkun?"

Mo ní kò sí.

Wọ́n ní, "Kò ṣáà ní kí wọ́n gba òun sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun jókòó ni. Òkun lásán ló ń wá." Wọ́n wá wojú mi. Wọ́n ní ṣé èmi ni màá sun ọ̀dọ̀ àwọn lálẹ́ yìí tàbí àbúrò mi, torí àwọn mọ̀ mí, mo máa ń sùn bí òkúta.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbé wọn wọlé.

Nọ́ọ̀sìKàbà | 6:04 ìrọ̀lẹ́

Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́ bí ó bá ti di àkókò tí wọ́n sọ fún yín, omi pàápàá, ẹ bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ dáadáa. Mú ìbora dání fún wọn, wọ́ọ̀dù máa ń tutù lóru. Ìwọ, gbé fíláàsì tíì tìrẹ lọ, kí o sì mu ún ní kọ̀ọ̀rọ̀ kí màmá má rí i.

BàbáÌyàrà | 6:10 ìrọ̀lẹ́

Bá mi sọ fún wọn pé ará Ìyàrà kan ní òkun o. Èmi náà ò ní tètè sùn.